Ọkọ̀ tiyín, takisí, kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà tàbí ẹsẹ̀: kí ni kí ẹ fi wọ ìgboro Akúrẹ́?

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni. Mo wà nínú mọ́tò mi lójú títì Ọba Adésídà, mo ń fi dígí ẹ̀gbẹ́ wo ìyá kan tó ru agbọ̀n ẹ̀fọ́ bọ̀ lẹ́yìn mi. Kò pẹ́, ó dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mi. Kò pẹ́ sí i, ó kọjá lọ. Kí ọkọ̀ tó wà níwájú mi tó sún díẹ̀, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ọjà Ọba. Èmi ṣì jókòó síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń jẹ epo, ọmọ mi ń bèèrè láti ẹ̀yìn bóyá wọn ò ní ti géètì iléèwé mọ́ òun, oníbàárà tó fẹ́ ra òwú àti sípì sì ń pè mí pé òun ti dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù, ó bá a ní títì.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n wé ara wọn. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mo ti wa ọkọ̀ ara mi, mo ti wọ takisí, mo ti wọ kẹ̀kẹ́, mo ti gun ọ̀kadà, mo sì ti fẹsẹ̀ rìn, láti Ọ̀bà-Ilé tí mò ń gbé títí dé ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn Ọjà Ọba. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń kan lójoojúmọ́, àti fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Akúrẹ́ tó rò pé ìlú tí kò tó Ìbàdàn kò lè ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

Ìdí tí gbogbo wa fi ń pàdé síbi kan

Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Akúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tó ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Akúrẹ́ àti Àríwá Akúrẹ́ lápapọ̀ ti lé ní 480,000. Láti ìgbà náà, ilé ti kún Ọ̀bà-Ilé, ó ti kún ọ̀nà Ìjọ̀kà, ó ti kún ọ̀nà Ọ̀dà. Ibi tí a ń sùn ti gbòòrò, ṣùgbọ́n ibi tí a ń lọ kò kúrò lójú kan. Ọjà Ọba, ààfin Déjì, àwọn báńkì, Póòsì Ọ́fíìsì: títì kan ṣoṣo ló so gbogbo wọn pọ̀. Orúkọ Ọba Afúnbíowó Adésídà, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1897 sí 1957, ni títì náà ń jẹ́. Ẹni tó ń ti Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, bọ̀ yóò gbà á. Ẹni tó ń ti apá FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Akúrẹ́, gba ọ̀nà Oyèmẹkùn wọlé yóò bọ́ sórí rẹ̀. Àwọn ọ̀nà kéékèèké ìgboro ń da ọkọ̀ sínú rẹ̀ bí ìṣàn ṣe ń dà sínú odò Àlà.

Nítorí náà, nǹkan kékeré ló ń dí i. Takisí kan á dúró láàrin ọ̀nà láti gbé èrò. Ìlà kan ti dí nìyẹn. Àwọn tó wà lẹ́yìn á fẹ́ yà sí ìlà kejì, àwọn ti ìlà kejì ò ní gbà, ìyẹn náà á dí. Ìṣẹ́jú tí èrò kan fi ń wá ṣéńjì nínú báàgì, ogún ọkọ̀ ló ń san án. Wọ́n máa ń ki àwa ọmọ Akúrẹ́ ní ọmọ a-múdà-sílẹ̀-mógun-ẹnu-pa-ni. Ó ń dùn mí pé ojú títì la ń ja ogun ẹnu yẹn sí báyìí, awakọ̀ sí awakọ̀, èrò sí ọlọ́kadà, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tí oúnjẹ kò tíì kan ẹnu ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín

Èmi náà máa ń bèèrè pé èwo ló yá jù. Ìbéèrè yẹn ló ṣì mí lọ́nà pẹ́. Mọ́tò mi ti gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù ní ogún ìṣẹ́jú rí. Mọ́tò yẹn kan náà, ọ̀nà yẹn kan náà, ó gbà mí ju wákàtí kan lọ lọ́jọ́ kejì. Kí ni kí n wá sọ fún oníbàárà? Bí mo bá ní ogún ìṣẹ́jú, mo lè di òpùrọ́. Ìbéèrè tí mò ń bi ara mi nísinsìnyí ni pé: èwo nínú wọn ni mo lè fi àsìkò tí mo máa dé búra? Ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ gan-an sí ti àkọ́kọ́.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ná, kí n tó ṣàlàyé:

Ọkọ̀ tiyín: ó gba ẹrù, ó gba ọmọ, òjò kò pa yín. Ẹ kò lè fi àsìkò rẹ̀ búra lẹ́yìn aago méje àárọ̀, ẹ ó sì tún wá ibi tí ẹ máa gbé e sí.

Takisí: ìlà kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ tiyín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀, wàhálà rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn yín.

Kẹ̀kẹ́: ó fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ó ní òrùlé, èrò mẹ́ta ló yẹ kó gbé. Òun ni mo fi ń ṣe púpọ̀ jù nínú ìrìn mi.

Ọ̀kadà: kò sí èyí tó yá tó o. Kò sì sí èyí tí ẹ̀mí wà nínú ewu tó o.

Ẹsẹ̀: òun nìkan ni iye ìṣẹ́jú rẹ̀ kì í yí padà.

Ọkọ̀ tiyín tàbí takisí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn bá san owó dírọ́ọ̀pù, àwọn á tètè dé. Bí ọ̀nà bá ti dí, takisí tí ẹ nìkan wà nínú rẹ̀ kò ní ìyẹ́. Ìlà tí ọkọ̀ tiyín ń tò sí ni òun náà ń tò sí. Ohun tí owó dírọ́ọ̀pù ra fún yín ni pé kò ní dúró gbé èrò ní gbogbo oríta, àti pé ẹsẹ̀ yín á ráyè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá awakọ̀ ń rẹ́ yín jẹ, ẹ bèèrè iye tí èrò kan ń san ní ọ̀nà yẹn, kí ẹ fi iye ìjókòó rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Níbẹ̀ ni kí ìdúnàádúrà yín ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wọlé.

Ibi tí ọkọ̀ ara ẹni àti takisí ti yàtọ̀ ni ìgbà tí ẹ bá dé. Mo ti yí Ọjà Ọba po lẹ́ẹ̀mẹta rí kí n tó ráyè gbé mọ́tò sí. Ìgbà kan wà tí n kò tilẹ̀ rí, mo bá gbé e sí etí títì bí àwọn tó kù ti ṣe. Mo mọ̀ ọ́n lára pé àṣìṣe ni. Gbogbo ọkọ̀ tí a bá gbé sí etí Ọba Adésídà, a ti bu díẹ̀ nínú títì náà jẹ, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló sì máa san án. Takisí kò dá ìṣòro yìí sílẹ̀ fún yín. Ẹ kàn máa sọ pé “Bọ́ọ̀lẹ̀ wà o”, ó tán.

Àléébù takisí ni dídúró kí ó kún, àti ìjókòó iwájú tí wọ́n ń fún èrò méjì sí. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló wà fún ìjókòó yẹn. Bí awakọ̀ bá tẹ búrékì lójijì, ẹni tí kò ní bẹ́líìtì ni yóò kọ́kọ́ bá dígí pàdé. Bí mo bá rí i pé iwájú ló kù, tí ẹnì kan sì ti wà níbẹ̀, mo máa ń ní kí ó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ epo náà tún wà níbẹ̀. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, lítà epo bẹntiróòlù kò tó 200 náírà lójú ìwé. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó ti kọjá 500, ó sì tún gorí síwájú lẹ́yìn náà. Mọ́tò tó dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí AC sì wà ní títàn, lè jó tó lítà kan ní wákàtí kan láìrìn. Nígbà tí mo ro iye tí mò ń sun sórí títì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo rí i pé owó kẹ̀kẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni.

Síbẹ̀, àwọn ọjọ́ kan wà tí n kò lè fi ọkọ̀ mi sílẹ̀: ọjọ́ tí mo bá kó ọjà láti Èkó, ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá ní iléèwé àti ẹ̀kọ́ àfikún lọ́nà méjì, àti alẹ́, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti ń dín kù. Bí ẹ bá lè kúrò nílé kí aago méje tó lù, ọkọ̀ tiyín ni ọba. Ẹni tó bá kúrò ní méje ààbọ̀ ni òde ń dán wò.

Kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà?

Ibí ni àríyànjiyàn máa ń pọ̀ sí jù nínú ilé mi, nítorí ọ̀kadà ni àbúrò mi ọkùnrin ń gùn lójoojúmọ́.

Kẹ̀kẹ́ tí à ń pè ní Maruwa gba orúkọ lára Mohammed Buba Marwa, ológun tó ṣàkóso Èkó láti 1996 sí 1999, tó kó wọn wọ̀lú níbẹ̀. Ètò NAPEP tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2001 láti gbógun ti òṣì ló tún jẹ́ kó tàn kálẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè é ní kẹ̀kẹ́ NAPEP. Ní fífẹ̀, ó lé díẹ̀ ní mítà kan, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń súnmọ́ mítà méjì. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó lè gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ tàbí èyí tó ń yà kọjá. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í yọ́ bí ọ̀kadà. Bí ìlà méjèèjì bá kún dẹ́nu, òun náà á dúró. Ẹ fi sọ́kàn pé bí ọ̀nà bá dí díẹ̀, kẹ̀kẹ́ á gbà yín. Bí ó bá dí pátápátá, òun àti mọ́tò jọ ń jókòó ni.

Ẹ yẹ ẹni tó ń wà á wò kí ẹ tó wọlé. Èyí tó fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó gbé èrò kan sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ níwájú, ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dáadáa. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kẹ̀kẹ́ ní níwájú, nítorí náà bí ó bá fi eré yí kọ́nà, ó lè dojú dé. Ní ìgbà òjò, ẹ wò ó bóyá ó ní tapólì tí ó ń ta sí ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá sí, omi á rẹ ẹni tó jókòó ní etí títí dé abẹ́ ẹsẹ̀.

Ọ̀kadà, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, kò ní olórogún tó bá di ká yára. N kò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí ìlà bá ti gan, òun nìkan ló ń rìn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ní oníbàárà tó ń dúró, mo gun ọ̀kadà. A dé ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọmọkùnrin náà sì fẹ́ gba àárín wọn.

“Ọmọ mi, rọra, jẹ́ kí wọ́n lọ ná.”

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, a ti débẹ̀ tán.”

A kọjá lóòótọ́. Orúnkún mi kò bá wa kọjá láìfarapa. Irin tó yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù ló hán an. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tiro. Ọmọ náà bẹ̀ mí, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó dùn ún. Mo dárí jì í, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà n kò gun ọ̀kadà ní Ọba Adésídà mọ́, n kò sì jẹ́ kí ọmọ mi gùn ún rárá.

Ibi tí ọ̀kadà ti wúlò fún mi ni ẹ̀yìn ìlú, ní òpópónà onípọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tí kẹ̀kẹ́ kì í wọ̀, níbi tí kò sí ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ẹ bá máa gùn ún, ẹ bèèrè akoto. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2009 ni ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àpapọ̀ ti ń fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ akoto, fún ẹni tó ń wà á àti fún ẹni tó gùn ún. Èrò kan ṣoṣo ló yẹ kó wà lẹ́yìn. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ká etí ìró àti ìborùn yín mọ́ abẹ́ itan. Mo ti rí ìró tí ṣéènì fà, mi ò fẹ́ rí i mọ́. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ẹ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbúrò mi ní òun kò lè máa dúró lójú títì bí igi. Mo mọ ohun tó ń sọ. Ibi tí èmi àti òun kò ti gbọ́ra wa yé nìyẹn.

Ẹsẹ̀

Ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń rin kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan. Ìyẹn ni pé kìlómítà kan kò ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ. Òjò rọ̀ tàbí òjò ò rọ̀, iléèwé wọlé tàbí kò wọlé, iye yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Apá ibi tí ọkọ̀ ti ń gan jù lọ́nà mi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ń rìn ín tí mo bá ń ṣe jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ ti lò tó ogójì níbẹ̀ lójú mi.

Ohun tó ń dí ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ ni pé ọjà ti gba ibi tó yẹ kó gbà. Bàtà, ọsàn, fóònù, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí kọ́tà, ẹlẹ́sẹ̀ á sì máa bọ́ sójú títì láàárín kẹ̀kẹ́. Òǹtajà ni èmi náà, mo mọ̀ pé ẹni tó pàtẹ síbẹ̀ ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ti ń kọjú bọ̀ wá bá yín, kí ẹ lè rí wọn. Ẹ mú agbòòrùn. Ẹ fi bàtà gíga sínú báàgì, kí ẹ wọ pẹlẹbẹ rìn.

Ọ̀nà wo, ìgbà wo

Àwọn kan á ní kí ẹ gba ẹ̀yìn, kí ẹ gba Àràkálẹ̀ tàbí Òkè-Àró, kí ẹ yẹra fún Ọba Adésídà. Ó dára fún ẹni tó mọ ọ̀nà. Àlejò tó bá wọ àdúgbò tí kò mọ̀, tó lọ bá ọkọ̀ tó ń já sìmẹ́ǹtì pàdé ní ọ̀nà tóóró, yóò fi ẹ̀yìn padà ni. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ má fi ẹ̀yìn Àlà dán ara yín wò, odò náà máa ń kún kọjá bèbè. Àwòrán ọ̀nà Google lórí fóònù máa ń fi àwọ̀ pupa hàn níbi tó dí, nítorí ó ń ka bí fóònù àwọn tó wà lọ́nà ṣe ń yára tó. Ní títì ńlá, mo máa ń gbà á gbọ́. Ní òpópónà tí fóònù kò pọ̀, n kì í gbà á gbọ́.

Ọ̀nà máa ń mí láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí báńkì tàbí kí ẹ ra ọjà, àsìkò yẹn ni. Nígbà tí iléèwé bá jáde lọ́sàn-án, ó tún máa ń dí. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá jáde ní Alágbàká ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jókòó síbi tí ẹ wà.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí

Mo ń dà wọ́n pọ̀. Mo ń wa mọ́tò láti Ọ̀bà-Ilé dé Alágbàká, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, àyè ìgbọ́kọ̀sí sì wà. Mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Mo wọ kẹ̀kẹ́, n kì í sì jẹ́ kó gbé mi dé inú ibi tó gan. Bí mo bá ti rí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, mo ní “bọ́ọ̀lẹ̀ wà”, mo fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ọjà ń bèèrè bóyá mo ti ta mọ́tò. Wọn ò bèèrè mọ́. Mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní mẹ́jọ ààbọ̀, oníbàárà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí kò sí lára ohun tí a lè yàn, tó sì ń dùn mí: bọ́ọ̀sì ńlá tó ń rìn ní àsìkò kan pàtó. Nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Mimiko, láàárín 2009 sí 2017, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ń kó àwọn ọmọ iléèwé. Bọ́ọ̀sì kan tó kó ogójì ọmọ, ogójì ìyá bíi tèmi ni kò ní gbé mọ́tò jáde láàárọ̀ yẹn. Èkó ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT láti 2008, ọ̀nà ìlú náà ti dí kó tó ṣe é. Akúrẹ́ ṣì kéré tó láti ṣe é kí ó tó le. Mo bẹ àwọn tó ń darí wa, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Bí ọ̀rọ̀ yín bá rí báyìí

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tó ní ìdánwò, tó sì ń ti ìgboro lọ: kẹ̀kẹ́ ni, ẹ kúrò nílé ní wákàtí kan ṣáájú, ẹ má sì dúró de takisí kó kún. Ẹni tó ń lọ wọ ọkọ̀ Èkó: takisí, kí ẹ gbé e ní dírọ́ọ̀pù nítorí ẹrù, kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan méjì péré ní Ọjà Ọba: ẹ má gbé mọ́tò wọ ibẹ̀ rárá.

Aláboyún tàbí àgbàlagbà tó ń lọ sí ọsibítù ní Hospital Road: takisí tàbí ọkọ̀ ẹbí, ìjókòó ẹ̀yìn, kì í ṣe ọ̀kadà, bó ti wù kí ọ̀nà dí tó. Ìyá mi ní àyẹ̀wò ojú níbẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Aago mẹ́fà ìdájí ni mo wá gbé wọn. Wọ́n ní ó ti yá jù, pé dókítà kò tíì jí. A dé kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Mo ra mọ́ínmọ́ín àti ògì gbígbóná, a jẹ ẹ́ nínú mọ́tò, ìyá mi sì ń sọ bí títì Ọba Adésídà ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.